ÌTỌ̀ TÍ Ń HÁ ÀGBÀ ỌKÙNRIN: Ẹ̀kọ́ lórí pírọ́sítéètì, agbára ọkùnrin, àti àgbo tí a ń mu sí wọn

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí dá lórí ọ̀ràn kan tí a kì í sọ ní gbangba. Àwọn àgbà ọkùnrin kì í fẹ́ sọ ọ́ fún aya wọn, àwọn ọmọ kò sì lè bi baba wọn léèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé púpọ̀ ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, baba a máa dìde ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lóru láti lọ tọ̀, a sì máa pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó padà. Àwọn ará ilé a rò pé ọjọ́ ogbó ni. Baba pàápàá a rò pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, tàbí pé àtọ̀sí ìgbà èwe rẹ̀ ni ó tún gbérí. A ó ra àgbo kan. Bí èyí kò bá ṣe é, a ó ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa bá a lọ títí di ọjọ́ tí ìtọ̀ yóò há pátápátá, tàbí tí ẹ̀yìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí dun ni tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè dìde mọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń pàdánù báyìí ni ìbá ṣì wà láàárín wa, bí kì í bá ṣe ti ìtìjú àti àìmọ̀. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí á ṣàlàyé ọ̀ràn náà ní ẹsẹẹsẹ, kí olúkúlùkù lè mọ ohun tí ń ṣe é, kí ó sì mọ ibi tí yóò gbà.

I. OHUN TÍ PÍRỌ́SÍTÉÈTÌ JẸ́

Pírọ́sítéètì jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré kan tí a dá mọ́ ọkùnrin nìkan. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ni ó wà, níwájú ìfun tí ìgbẹ́ ń gbà jáde, ó sì yí ọ̀nà ìtọ̀ ká gẹ́gẹ́ bí òrùka ti í yí ìka ká. Ní ara ọ̀dọ́mọkùnrin, kò tóbi ju kóró awùsá kan lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 20. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pèsè apá kan nínú omi tí ó ń bá irú ọmọ jáde nínú àtọ̀.

Ẹ kíyèsí ipò tí ó wà, nítorí láti inú ipò náà ni ọ̀ràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀yà ara yìí bá tóbi, ọ̀nà ìtọ̀ tí ó gba àárín rẹ̀ kọjá yóò fún. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nítorí pé ó súnmọ́ ìfun, dókítà lè fi ìka kan kàn án láti ihò ìdí kí ó sì mọ̀ bóyá ó tóbi tàbí bóyá ó le.

II. ÀRÙN MẸ́TA TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ DÀPỌ̀

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá wí pé "pírọ́sítéètì ń ṣe lágbájá," wọn a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àrùn kan ṣoṣo ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn mẹ́ta ni.

Èkíní ni wíwú rẹ̀ nítorí kòkòrò àrùn tàbí ohun mìíràn. Èyí lè bá ọ̀dọ́ pàápàá. Ibà, òtútù, ìrora nísàlẹ̀ ikùn àti ìtọ̀ tí ń ta ni bí ata ni àmì rẹ̀. Oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn ni dókítà fi ń wò ó bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò ni ó fà á.

Èkejì ni títóbi rẹ̀ nítorí ọjọ́ orí. Èyí kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í di jẹjẹrẹ. Omi agbára tí kórópọ̀n ń sun sínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń mú un dàgbà. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ọkùnrin tí a bá tẹ̀ ní ọ̀dàá kí ó tó bàlágà kì í ní i. Bí a bá yẹ àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 51 sí 60 wò, a ó rí i lára nǹkan bí ìdajì wọn. Nínú àwọn tí ó ti ju 80 lọ, ó tó 9 nínú 10. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń yọ lẹ́nu. Àmì rẹ̀ ni pé ìtọ̀ kì í tètè jáde. Bí ó bá jáde, kì í ní agbára. A máa dá dúró a sì tún máa bẹ̀rẹ̀. A máa kán tótó lẹ́yìn tí a rò pé ó tán. A sì máa jí ni lójú oorun léraléra. Bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́, àpò ìtọ̀ kì í lè tú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ dànù mọ́. Ìtọ̀ tí ó kù a máa bàjẹ́, òkúta a máa dì nínú rẹ̀, ìtọ̀ a sì máa ti ara padà sí kíndìnrín títí yóò fi ba á jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni jẹjẹrẹ. Ẹ fi ọkàn sí èyí gidigidi. Títóbi ti ọjọ́ orí máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín, níbi tí ọ̀nà ìtọ̀ gbà kọjá, nítorí náà ni ó fi ń tètè fi ara hàn. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní etí òde, níbi tí ó jìnnà sí ọ̀nà ìtọ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé ìtọ̀ yí padà rárá. Nígbà tí ó bá fi máa di ọ̀nà ìtọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ yóò máa bá ìtọ̀ jáde, tàbí tí egungun ẹ̀yìn àti ìbàdí yóò máa dun ni tọ̀sán tòru, tí ara yóò sì máa rù, ó ti lè tàn kálẹ̀. Àwọn mìíràn ń rò pé ẹ̀yìn tí ń dùn wọ́n jẹ́ ti iṣẹ́ oko, wọ́n sì ń mu àgbo ọ̀pá ẹ̀yìn sí i, nígbà tí jẹjẹrẹ ti wà nínú egungun. Bí ó bá sì tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lè rọ.

Ní ti èrò àwọn àgbà pé àtọ̀sí àtijọ́ ni ó ń fa ìtọ̀ híhá, kì í ṣe ìsọkúsọ pátápátá. Àtọ̀sí tí a kò wò dáradára nígbà èwe lè fi àpá sílẹ̀ nínú ọ̀nà ìtọ̀, àpá náà a sì máa fún un pọ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú àpá yàtọ̀ sí ìtọ́jú pírọ́sítéètì, bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀gbẹ pẹ̀lú a máa mú kí ènìyàn tọ̀ léraléra. Àmì kan náà lè ti inú àrùn mẹ́rin tàbí márùn-ún jáde. Ta ni yóò dúró ní ìdí àtẹ alágbo kí ó sì mọ èyí tí ó jẹ́?

III. ÀWỌN TÍ Ó KÀN JÙ LỌ

Ọkùnrin tí baba rẹ̀ tàbí arákùnrin rẹ̀ bá ti ní jẹjẹrẹ yìí, ewu tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn. Àwa ènìyàn dúdú, pàápàá àwọn tí ó ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni ó sì ń bá jù lọ ní gbogbo ayé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ka iye àwọn aláìsàn dáradára, ọkùnrin 1 nínú 8 ni yóò ní in nígbà ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọkùnrin dúdú tí ń gbé ibẹ̀, 1 nínú 4 ni. Ní 1999, Ogunbiyi àti Shittu, tí wọ́n ṣe ìwádìí ní Ìbàdàn, kọ̀wé pé jẹjẹrẹ yìí ti di èyí tí ó gba ipò kìn-ín-ní láàárín àwọn ọkùnrin Nàìjíríà, àti pé ìdá 11 nínú 100 gbogbo jẹjẹrẹ ọkùnrin ni ó jẹ́. Ìbàdàn kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2022, ní gbogbo ayé, ó tó nǹkan bí ọkùnrin 1,470,000 tí a rí àrùn yìí lára wọn, àwọn tí ó sì kú lé ní 390,000.

Kì í ṣe ìwà búburú ni ó ń fà á, kì í ṣe èpè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ràn. Aya kò lè kó o lára ọkọ rẹ̀.

Kí ìtìjú má sì ṣe dí wa lọ́wọ́, ẹ wo àwọn ẹni ńlá tí ó ti kàn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Charles Kẹta, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ kí a kéde fún gbogbo ayé pé pírọ́sítéètì òun tóbi àti pé òun ń lọ gba ìtọ́jú, kí àwọn ọkùnrin mìíràn lè lọ yẹ ara wọn wò. Ní 1997 ni a rí jẹjẹrẹ yìí lára Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu ti Gúúsù Áfíríkà. Kò fi í pamọ́. Ó gba ìtọ́jú. Àrùn náà padà wá lẹ́yìn náà, ó tún gba ìtọ́jú. Ó sì wà láàyè títí di ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2021, nígbà tí ó jẹ́ ẹni 90 ọdún. Ọdún 24 ni ó fi gbé ayé lẹ́yìn tí a ti rí i. Nelson Mandela pẹ̀lú gba ìtọ́jú rẹ̀ ní 2001, ó sì wà títí di 2013. Bí irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè sọ ọ́ jáde, kí ni ń tì wá lójú?

IV. BÍ A TI Ń YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Àyẹ̀wò méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni ti ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní PSA. Pírọ́sítéètì ni ó ń ṣe ohun kan tí ó ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí iye rẹ̀ bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, a jẹ́ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ ni ọ̀pọ̀ dókítà ti ń lo 4 gẹ́gẹ́ bí ààlà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù kí ó sì sọ ìrètí nù nítorí pé iye tirẹ̀ kọjá 4. Títóbi ti ọjọ́ orí lè mú un gòkè, wíwú nítorí kòkòrò àrùn lè mú un gòkè, bẹ́ẹ̀ ni bíbá aya ẹni lò pọ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú àyẹ̀wò. Nínú àwọn tí iye wọn wà láàárín 4 sí 10, nǹkan bí 1 nínú 4 péré ni a ń bá jẹjẹrẹ lára wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni iye tí ó kéré kò fi dáni lójú pátápátá pé kò sí nǹkan.

Èkejì ni èyí tí dókítà yóò wọ ìbọ̀wọ́ tí yóò sì fi ìka kan wo ẹ̀yà ara náà láti ihò ìdí. Kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin fi ń sá fún ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa tí wọ́n bí wa ti fara da ohun tí ó ju èyí lọ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Bí àyẹ̀wò méjèèjì bá mú ìfura wá, dókítà yóò gé díẹ̀ nínú rẹ̀ láti yẹ̀ wò. Láti ibẹ̀ nìkan ni a ti lè sọ dájúdájú pé jẹjẹrẹ ni.

Ìmọ̀ràn ọ̀pọ̀ àwọn oníṣègùn ni pé kí ọkùnrin dúdú bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò yìí nígbà tí ó bá pé ẹni 45 ọdún, àti ní 40 bí ó bá ju ẹnì kan lọ nínú àwọn baba àti arákùnrin rẹ̀ tí ó ti ní i. Kí ó bi í pẹ̀lú nípa àǹfààní àti àléébù rẹ̀, nítorí jẹjẹrẹ mìíràn wà tí ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní pa àgbàlagbà, tí dókítà yóò kàn máa ṣọ́ ọ.

V. ÌTỌ́JÚ TÍ Ó WÀ

Fún títóbi ti ọjọ́ orí, oríṣi oògùn méjì ni a sábà ń lò. Ọ̀kan, irú èyí tí a ń pè ní tamsulosin, a máa dẹ ẹran ọ̀nà ìtọ̀ kí ìtọ̀ lè jáde. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni a ń rí iṣẹ́ rẹ̀. Èkejì, irú finasteride, a máa mú kí ẹ̀yà ara náà súnkì, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù 6 kí a tó rí i. Ẹni tí ń lo èyí kò gbọdọ̀ gbàgbé láti sọ fún dókítà nígbà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí a máa dín iye PSA kù sí nǹkan bí ìdajì, ó sì lè tan ni jẹ. Bí oògùn kò bá tó, iṣẹ́ abẹ wà, èyí tí a lè gba ọ̀nà ìtọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe láìla ikùn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, àtọ̀ lè máa padà sínú àpò ìtọ̀ dípò kí ó jáde. Ó yẹ kí ọkùnrin mọ èyí ṣáájú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a ṣe é fún kì í pàdánù agbára wọn.

Fún jẹjẹrẹ tí a tètè rí, a lè yọ ẹ̀yà ara náà tàbí kí a fi ìtànṣán sun ún, a sì lè wo ọ̀pọ̀ sàn pátápátá. Èyí tí ó ti tàn kálẹ̀ pẹ̀lú kì í ṣe aláìní ìtọ́jú. Ní 1941, Charles Huggins ní Chicago fi hàn pé bí a bá dá omi agbára kórópọ̀n dúró, jẹjẹrẹ yìí a máa rọlẹ̀. Nítorí iṣẹ́ náà ni a ṣe fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Títí di òní lórí ìmọ̀ yìí ni a ń gbé ìtọ́jú rẹ̀ lé.

Àwọn ibi tí a lè lọ kò jìnnà sí wa. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Bowen University Teaching Hospital wà, tí ó ṣẹ̀ láti inú iṣẹ́ ìwòsàn tí Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ ní 1907. LAUTECH Teaching Hospital sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Ọ̀yọ́, ilé ìwòsàn ìjọba lè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, bí ọ̀ràn bá sì le, wọn yóò fi ni ránṣẹ́ sí UCH ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1957.

VI. NÍ TI ÀGBO ÀTI OÒGÙN INÚ IKE

A kò wá láti bú ewé àti egbò. Láti inú èèpo igi ni a ti rí kuníìnì, ewé sì ni ó bí oògùn ọkàn kan tí àwọn dókítà ń lò títí di òní. Ìbéèrè tí a ń béèrè ni pé: àgbo yìí, kí ni ó wà nínú rẹ̀, báwo ni ó ti pọ̀ tó, ta ni ó sì ti dán an wò?

Àwọn ewé kan wà tí a ti dán wò. Ọ̀pẹ kúkúrú kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní saw palmetto. Èso rẹ̀ ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ike oògùn pírọ́sítéètì tí a ń rà ní ilé ìpògùn. Ní 2006 a gbé ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí a fún ọkùnrin 225 ní oògùn náà tàbí ayédèrú tí kò ní nǹkan nínú, fún ọdún kan, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń lò: kò sí ìyàtọ̀. Ní 2011 a tún ṣe é pẹ̀lú ọkùnrin 369, a sì mú ìwọ̀n rẹ̀ gòkè títí di ìlọ́po mẹ́ta: kò sí ìyàtọ̀ síbẹ̀. Èkejì ni èèpo igi kan tí ń hù lórí òkè ní Kamẹrúùnù àti ní àwọn òkè mìíràn ní Áfíríkà, tí a ń pè ní Prunus africana. Àwọn ìwádìí kéékèèké fi hàn pé ó lè ran ìtọ̀ lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n a bó èèpo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti tà á sí Yúróòpù, tí ó fi di dandan láti 1995 pé kí àwọn orílẹ̀-èdè máa ṣọ́ òwò rẹ̀ kí igi náà má bàa run. Ẹ̀kẹta ni fítámì E. Láti 2001, a fún àwọn ọkùnrin tí gbogbo wọn lé ní 35,000 ní fítámì E, tàbí èròjà selenium, tàbí méjèèjì, tàbí ayédèrú, bóyá yóò dènà jẹjẹrẹ. Nígbà tí ó di 2011 a rí i pé jẹjẹrẹ pọ̀ ní ìdá 17 nínú 100 lára àwọn tí ó lo fítámì E nìkan ju àwọn tí ó lo ayédèrú lọ. Ohun tí a rò pé yóò dáàbò bo ni ni ó ṣe ni ní ibi.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ohun tí a wọ̀n tí a sì ṣọ́, kí ni kí á wí nípa èyí tí a kò wọ̀n? Ewu márùn-ún ni ó wà nínú àgbo tí a ń rà ní Akẹ̀sán, ní àyíká Tàkíè, àti ní gbogbo ibùdókọ̀.

Èkíní, kò ní òdiwọ̀n. Ife kan lónìí lè le ju ife mẹ́ta àná lọ.

Èkejì, ọtí líle ni a fi rẹ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ọtí a máa mú ìtọ̀ pọ̀, ó sì lè mú kí ó há pátápátá. Ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Irele ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú àwọn ènìyàn kan ṣàdédé fọ́, orí ń fọ́ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, nígbà tí a yẹ ọ̀ràn náà wò, oró methanol inú ọtí ìbílẹ̀ ni a rí. Àwọn tí ó kú ju mẹ́wàá lọ.

Ẹ̀kẹta, ewé tàbí egbò mìíràn lè ba kíndìnrín jẹ́. Egbò akógun, tí a ń rẹ sínú ọtí fún onírúurú àìsàn, jẹ́ ti ìdílé igi Aristolochia. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 síwájú, àwọn obìnrin tí ó lé ní 100 lo oògùn ìfọ́nra tí ewé ìdílé yìí wọ inú rẹ̀. Kíndìnrín wọn bàjẹ́, jẹjẹrẹ sì yọ ní ọ̀nà ìtọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ṣé irú èyí ni kí ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ti ń há tẹ́lẹ̀ máa mu?

Ẹ̀kẹrin, ó lè bá oògùn dókítà jà, pàápàá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ.

Èkarùn-ún, tí ó sì burú jù, ni pé ó ń jẹ ọjọ́ wa. Ìtọ̀ tí ń há nítorí ọjọ́ orí a máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn, a sì máa tún le. Bí ó bá rọlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí a mu àgbo, a ó wí pé àgbo ni ó ṣe é. Nígbà náà ni jẹjẹrẹ tí ó wà ní etí òde ń rìn lọ sí egungun.

Àwọn mìíràn yóò wí pé, "Ṣùgbọ́n nọ́ńbà NAFDAC wà lára ìgò rẹ̀." Ẹ ka ara ìgò náà dáradára. Lára ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ tí a forúkọ wọn sílẹ̀, a kọ ọ́ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olóògùn ń sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ wò. Nọ́ńbà náà fi hàn pé a mọ ẹni tí ó ṣe é. Kò fi hàn pé ó ń wo pírọ́sítéètì sàn.

VII. NÍ TI AGBÁRA ỌKÙNRIN

Ọ̀ràn yìí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ra àgbo ju ti ìtọ̀ lọ. Kí a mọ̀ pé kì í ṣe ohun àrà. Nínú ìwádìí kan tí a ṣe ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà láàárín 1987 sí 1989, nínú àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 70, 52 nínú 100 ni ó ní àìlera yìí, yálà díẹ̀ tàbí púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ru ẹ̀yà ara ọkùnrin sókè. Nítorí náà, ohun tí ó bá ń di ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di aláìlera: àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá, ọ̀rá àti ọtí. Ìbànújẹ́ àti àníyàn pẹ̀lú. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kéré ju ti ọkàn lọ, wọn a sì máa kọ́kọ́ dí. Nítorí náà àìlera yìí lè jẹ́ ìkìlọ̀ àrùn ọkàn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹni tí ó bá ra oògùn ìgboro láti fi bo ìkìlọ̀ náà mọ́lẹ̀ dàbí ẹni tí ó pa agogo iná lẹ́nu mọ́ nígbà tí ilé ń jó.

Búrántáṣì tí a ń tà káàkiri, láti ara èèpo igi ni ó ti wá. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ a máa mú ẹ̀jẹ̀ ru, a sì máa mú àyà lù kìkì. Ní ti àwọn tí a pè ní "oògùn ìbílẹ̀ gidi" tí ń ṣiṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fura sí wọn. Láàárín 2007 sí 2016, ìjọba Amẹ́ríkà rí àfikún oògùn 776 tí a ti fi oògùn òyìnbó pamọ́ sínú wọn láìkọ ọ́ sára ike. Nǹkan bí ìdajì wọn jẹ́ ti agbára ọkùnrin, sildenafil sì ni a sábà ń bá nínú wọn. Sildenafil fúnra rẹ̀ jẹ́ oògùn rere tí dókítà ń fún ni láti 1998. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń lo oògùn àyà dídùn, irú nitrate, bá mu ún láìmọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì kí ó sì kú.

VIII. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Bí ìtọ̀ bá há pátápátá, tí ikùn ìsàlẹ̀ wú tí ó sì ń ro ni, kí a gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru. Kí a má ṣe fún un ní àgbo tàbí omi púpọ̀ láti ti ìtọ̀ jáde; ńṣe ni yóò máa kún sí i. Wọn yóò fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fa ìtọ̀ náà, ara yóò sì rọ̀ ọ́.

Ẹni tí ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, kí ó dín omi mímu kù láti nǹkan bí wákàtí méjì ṣáájú oorun, ṣùgbọ́n kí ó mu omi tó ní ọ̀sán. Kí ó dín ọtí, tíì àti kọfí kù. Kí ó má ṣe jẹ́ kí inú kún. Bí ó bá tọ̀ tán, kí ó dúró díẹ̀ kí ó sì tún gbìyànjú. Kí ó ṣọ́ra fún oògùn ọ̀fìnkìn àti Piriton, nítorí wọ́n lè mú kí ìtọ̀ há. Bí ó bá ti ń mu àgbo, kí ó sọ ọ́ fún dókítà láìfi bò, kí ó sì mú ìgò rẹ̀ dání bí ó bá wà.

Ẹ̀yin aya, ẹ̀yin ni ẹ mọ iye ìgbà tí baálé ń dìde lóru. Ẹ má ṣe fi ṣẹ̀sín, ẹ má sì ṣe pa á mọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun, owó àyẹ̀wò ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí baba yín kí ẹ tó fi ike oògùn ránṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí fún ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin, kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà. Àwọn baba wa wí pé, kí ojú má bàa rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Kí a fi ẹsẹ̀ náà rìn lọ sí ibi àyẹ̀wò nígbà tí ó ṣì lágbára.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́

1. Kí ni ìdí rẹ̀ tí títóbi ti ọjọ́ orí fi ń tètè yọ ìtọ̀ lẹ́nu, tí jẹjẹrẹ kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀?
2. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí ó lè mú iye PSA gòkè láìjẹ́ pé jẹjẹrẹ wà.
3. Ọjọ́ orí wo ni ó yẹ kí ọkùnrin dúdú bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò, ta ni kò sì gbọdọ̀ dúró títí di ìgbà náà?
4. Kí ni nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò àgbo fi hàn, kí ni kò sì fi hàn?
5. Bí ẹnì kan ní ilé rẹ kò bá lè tọ̀ rárá ní òru òní, kí ni ìwọ yóò ṣe, kí ni ìwọ kò sì gbọdọ̀ ṣe?